Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Oníbàárà

 Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á lójú ewé yìí pé mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀ kékeré ní ìlú tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ lemọ́lemọ́. Àwọn kan ní, "Ṣé ẹ̀rù omi kì í bà yín ni?" Àwọn mìíràn ní, "Eré àwọn olówó kọ́ nìyẹn?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ní tirẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ọkọ̀ òyìnbó?" Ìbéèrè rere ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ́, nítorí inú àlàyé yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn mi wà.

Ẹgbẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́

Ọkọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ ńlá tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń sùn sínú rẹ̀ létí òkun. Díńgì ni: ọkọ̀ kékeré tí kò ní yàrá, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí gígùn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju mítà márùn-ún lọ. Ènìyàn kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń wà á. Òpó kan gbé ìgbòkun dúró. Ìtọ́kọ̀ wà lẹ́yìn. Pátákó pẹlẹbẹ kan sì wà tí a ń tì bọ inú omi láti àárín ọkọ̀, kí atẹ́gùn má baà máa tì wá sí ẹ̀gbẹ́ bí ewé gbígbẹ. Atẹ́gùn ni epo rẹ̀.

Orí adágún ńlá kan tí wọ́n sé, tí àwọn ará ìlú ń mu omi rẹ̀, ni ẹgbẹ́ wa ti ń wa ọkọ̀. Ẹgbẹ́ náà kò ní òṣìṣẹ́ olówó-oṣù kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń gé koríko, ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdóòlà ṣe, ọmọ ẹgbẹ́ ni. Dókítà eléhín ni láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ mi ní ìgbòkun jẹ́ tíṣà ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìbò ni a fi ń yan ọ̀gá ẹgbẹ́, akọ̀wé àti akápò ní ìpàdé ọdọọdún, àwọn náà kò sì gba nǹkan kan ju kí a máa rojọ́ fún wọn lọ.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí òkun, lórí odò àti lórí adágún. Royal Yachting Association, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1875, ni ó ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé. Ìpele kìíní àti ìpele kejì ni àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbà.

Ó kàn ọ́

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ kò sí lórí omi rárá, inú ìwé ni ó wà. Bí mo ti san owó ọdún mi tán, akọ̀wé fi ìwé ìpín-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ mi ti wà lórí rẹ̀ nígbà mẹ́rin láàárín ọdún kan: ìgbà kan nílé ìdáná, láti po tíì àti láti din ẹyin fún àwọn tó bá ti orí omi dé, ìgbà méjì nínú ọkọ̀ ìdóòlà, gẹ́gẹ́ bí igbákejì ẹni tí ó ń wà á, ìgbà kan lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń darí ìdíje, láti máa gbé àsíá sókè àti láti máa kọ àkókò sílẹ̀. Bí ọjọ́ tí ó kàn ọ́ kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá ẹni tí ẹ ó jọ pààrọ̀. Owó kò lè rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìwé yìí máa ń lé sá. Ní tèmi, ọkàn mi fà mọ́ ọn. Ọdún kẹfà mi rèé nílẹ̀ yìí, oníbàárà sì ni mo jẹ́ níbi gbogbo tí mo bá wọ̀. Mò ń sanwó, wọ́n ń fún mi ní ohun tí mo sanwó fún, wọ́n a sì fi ẹ̀rín músẹ́ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí n kò bá yọjú. Ìwé ìpín-iṣẹ́ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi pé bí n kò bá wá ní ọjọ́ báyìí, ìdíje kò ní lè wáyé.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Àáró ni wọ́n ń pè é: lónìí, gbogbo wa lọ sí oko rẹ, lọ́la, ó di oko tèmi, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó. Ọ̀wẹ̀ náà wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń péjọ bá ẹnì kan roko tàbí kọ́lé, tí onítọ̀hún yóò sì wá oúnjẹ fún wọn. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ wa ní méjèèjì. Ìpín-iṣẹ́ ni àáró. Ọjọ́ Sátidé kan sì wà nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí gbogbo wa ń kó búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà wá láti tún èbúté ṣe, tí ẹgbẹ́ ń bọ́ wa lọ́sàn-án: ọ̀wẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù kan lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ orúkọ mi sí ilé ìdáná láìbi mí léèrè.

Ìbéèrè mẹ́ta tí màmá mi bi mí

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí màmá mi, létí ọ̀sà, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ́ wọn ní ohun tí omi lè ṣe. Lọ́dọọdún ni à ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó dojú dé lórí odò àti ọ̀sà ilẹ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò rẹ̀ kò wọ ẹ̀wù aléfòó. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé mo fẹ́ máa wa ọkọ̀, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, omi kò ní ẹ̀ka tí èèyàn í dì mú o. Ta ni yóò wà nítòsí rẹ? Kí ni wàá wọ̀? Bí o kò bá padà sí èbúté, ta ni yóò tètè mọ̀?"

Mo gbé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá olùkọ́ mi bí wọ́n ti wà. Ó ní ẹni tí ó bi mí ní irú ìbéèrè yìí ìbá yẹ ní alábòójútó ààbò ẹgbẹ́.

Ta ni yóò wà nítòsí? Bí ọkọ̀ ìdóòlà kò bá sí lórí omi, ìgbòkun kankan kò gbọdọ̀ gòkè. Ènìyàn méjì ni ó ń wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Okùn pupa kan so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì láti ibi itan: bí ó bá ré sómi, okùn náà á yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀, kí irin tí ń yí lábẹ́ rẹ̀ má baà ge ẹnikẹ́ni.

Kí ni wàá wọ̀? Ẹ̀wù aléfòó, ní gbogbo ìgbà, àti aṣọ rọ́bà tí ó lẹ̀ mọ́ra nítorí òtútù. Òtútù ni ọ̀tá tí àwa tí a ti ilẹ̀ olóoru wá kì í tètè fura sí. Omi tí kò bá gbóná tó ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gé ìmí ènìyàn lójijì, kí ó sì mí omi sínú kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe. RNLI, àjọ adóòlà lójú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀, ń kọ́ni pé kí ẹni tó bá ṣubú sómi má kọ́kọ́ jà. Kí ó fẹ̀yìn lé omi, kí ó gbé ojú sókè, kí ó na apá àti ẹsẹ̀, kí ó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó pe ènìyàn tàbí kí ó lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ronú irun yín, mo gbọ́ yín. Ní ọdún 2021, àjọ tí ń darí eré ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kọ̀ kí wọ́n lo Soul Cap, fìlà tí wọ́n ṣe fún irun tó kún bíi tiwa, nínú ìdíje. Ní ọdún 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èmi a máa di kòlẹ́sẹ̀, n ó sì dé fìlà lé e. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni: àjọ Sport England fi hàn pé ìdá 95 nínú ìdá 100 àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní England ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Ọdún 2020 ni wọ́n dá Black Swimming Association sílẹ̀ láti bá ọ̀rọ̀ náà jà. Èmi fúnra mi lo oṣù mẹ́fà ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ọkọ̀.

Ta ni yóò tètè mọ̀? Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà. A ń kọ orúkọ wa síbẹ̀ kí a tó wọ omi, a sì gbọ́dọ̀ sàmì sí i nígbà tí a bá jáde. Ẹni tí ó ń darí ọjọ́ náà kò ní lọ sílé títí orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò fi ní àmì tirẹ̀.

Mo pe màmá mi padà, mo ka ìdáhùn náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n máa pè mí ní ọjọọjọ́ Àìkú tí o bá ti jáde nínú omi." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe.

Dídojúdé àti dídìde

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ da ọkọ̀ dé. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá dojú dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún fún àwọn tí ń wa díńgì: afẹ́fẹ́ wà nínú àwọn ihò dídí tí ó wà lára ọkọ̀ náà, kì í sì í rì. Òfin kìíní ni pé kí o má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀. Òfin kejì ni pé kí o pe ẹnì kejì rẹ, kí o sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan á yí ká lọ sí ibi pátákó ìsàlẹ̀, á dì í mú, á fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ fà á wálẹ̀. Ẹnì kejì á na ara rẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ti ń dìde, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò bù ú sínú bí igbá tí ń bu omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nígbà tí a fi máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ni à ń rín.

Atẹ́gùn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tí ó lè kọjú sí atẹ́gùn tààrà. Bí ibi tí ò ń lọ bá wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, wàá gba nǹkan bí ìwọ̀n 45 sí apá ọ̀tún rẹ̀, wàá tún yí padà sí apá òsì, wọ́rọ́kọ́-wọ́rọ́kọ́, títí wàá fi dé. Nǹkan márùn-ún ni olùkọ́ mi ní kí n máa ṣọ́: bí ìgbòkun ti le tàbí ti dẹ̀ sí, bí ọkọ̀ ti dọ́gba sí lọ́tùn-ún àti lósì, bí ìwúwo ti pín sí níwájú àti lẹ́yìn, bí pátákó ìsàlẹ̀ ti jìn sí, àti ọ̀nà tí mò ń gbà lọ. Ọ̀kan kì í yí padà kí ìyókù dúró gbọin. Ẹni tí ó bá gbà á ní ìjàkadì, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ó tó rin ìrìn ogún mítà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọjọ́ tí mo di okùn ìgbòkun mú ni mo tó mọ̀ pé ìmọ̀ràn atukọ̀ gidi ni.

Ṣé eré olówó ni?

N kò ní parọ́: àwọn díńgì tuntun kan wà tí owó wọn lè ra mọ́tò àlòkù tó dára. Ṣùgbọ́n ìtàn díńgì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìtàn ọlọ́rọ̀ nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Jack Holt, tí ó ń ya àwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell, tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ àtúnṣe ilé lórí tẹlifíṣọ̀n, jọ gbé ọkọ̀ kékeré kan kalẹ̀ tí ènìyàn lè fi pákó pẹlẹbẹ ṣe fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì. Wáyà bàbà ni wọ́n fi ń rán pákó náà pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ, kí wọ́n tó lẹ ojú ìrán rẹ̀ pa. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mirror, tí ìgbòkun rẹ̀ sì pupa. Ó ju 70,000 irú ọkọ̀ náà tí wọ́n ti kàn. Méjì wà ní ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú wọn sì dàgbà jù mí lọ.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í borí. Òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Portsmouth Yardstick: ọkọ̀ tó yá ní òǹkà kékeré, èyí tó lọ́ra ní òǹkà ńlá. Wọ́n á sọ àkókò tí o lò di ìlọ́po 1000, wọ́n á sì fi òǹkà ọkọ̀ rẹ pín in. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà nínú Mirror lè gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fò. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sì láyọ̀.

Ní tèmi, n kò ní ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni mò ń wà. Aṣọ rọ́bà mi, ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò gba òun mọ́ ni ó fi ta mí lọ́rẹ.

Kí ni ó kan ọmọ Yorùbá?

Ó kan ọ̀rẹ́ wa ará Ìbàdàn wàyí. Bí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó, kí ó wo ojú ọ̀sà dáadáa. Yóò rí àwọn ọkọ̀ onípákó tí ń kó yanrìn tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ omi, ìgbòkun wọn jẹ́ àpò àti tapólì àlòkù tí wọ́n rán pọ̀. Àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn kò gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ kankan, síbẹ̀ wọ́n mọ atẹ́gùn ju èmi àti olùkọ́ mi lọ. Lagos Yacht Club náà ti wà láti ọdún 1932. Ọ̀rọ̀ bí ìgbòkun, ìtọ́kọ̀, àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró ti wà lédè wa tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kò yá wa. Bí ohun kan bá wà tí mo ń fẹ́ kí ó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa dé ọ̀sà Èkó, ẹ̀wù aléfòó lọ́rùn gbogbo èrò ni, àti ẹnì kan létí omi tí ó ń ka orúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, iṣẹ́ ọkọ̀ ìdóòlà kàn mí. Atẹ́gùn rọra ń fẹ́ ní àárọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó ṣàdédé le. Ọkọ̀ mẹ́rin dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ọ̀kan, bàbá kan ni àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ. Bí a ti ń sún mọ́ wọn, orí kan ṣoṣo ni mo kà.

Bàbá náà ń pe ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí mo fẹ́ tún gbọ́ mọ́. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Abẹ́ ìgbòkun." Mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìgbòkun tí ó tẹ́ sójú omi, mo sì gbé e sókè kí atẹ́gùn lè wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ojú kékeré kan yọ níbẹ̀, ó ń wúkọ́. Mo di okùn èjìká ẹ̀wù aléfòó rẹ̀ mú, a sì fà á wọlé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé bàtà òun ẹsẹ̀ kan ti bọ́.

Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. A dá wọn padà sí èbúté, ẹnì kan ti gbé tíì dúró. Bàbá náà di ọwọ́ mi mú, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi ni mo wà lórí omi, òun ni ó wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà, ọmọ rẹ̀ sì ń ta àsíá létí omi, ó wọ bàtà tuntun. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Ó kàn mí, ó kàn án.

Nígbà tí mo pe màmá mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ni ẹni tí ó wà nítòsí nìyẹn." Láti ìgbà náà, wọn kò tún bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni n ó fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ darapọ̀

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ó kéré tán kí ẹ lè léfòó láìfòyà. Ẹ béèrè ọjọ́ ìdánwò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá wà ládùúgbò yín. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò nígbà tí òtútù bá ti lọ. Ẹ má wọ sòkòtò jíǹsì lọ, nítorí bí ó bá mu omi tán, ó di òkúta lẹ́sẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọkọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ lè lò. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta màmá mi, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Paríparí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìpín-iṣẹ́ hàn yín kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá dà bí ẹrù lójú yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ń fi owó háyà ọkọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín bá mì díẹ̀ nígbà tí ẹ rí i pé àyè kan wà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ yín sí, a jẹ́ pé ibi tí ẹ ń wá nìyẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí atẹ́gùn ire máa fẹ́ sí wa o.